Ẹ Ṣé Àná, Alárinà

Àwọn àgbà ní bójú bá mojú tán, alárinà a yẹba. Òwe náà dùn lẹ́nu, àgàgà lẹ́nu àwọn tó ti jẹ oore tán tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á ti nu ọwọ́. Òun ni wọ́n fẹ́ fi ti obìnrin kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ ìdána Ọmọ́yẹni, ọmọ Owólabí, ní Ibido ní Ṣàgámù. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbọ́ ìtàn yìí rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnu àwọn tó ń sọ pé ọmọ náà ya aláìgbọràn ni ẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ gan-an.

Ìyá Ọmọ́yẹni kú nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín. Bàbá rẹ̀, Owólabí bíríkìlà, fẹ́ ìyàwó mìíràn kí ọdún tó yípo, ìyàwó tuntun sì ní òun kò lè máa tọ́jú ọmọ ìyálé. Bí wọ́n ṣe mú ọmọ lọ sí Sábó nìyẹn, sọ́dọ̀ Ràbíátù tó ń ta obì, kó lọ máa bá a bó obì. Àdéhùn wọn ni pé títí ara á fi rọ Owólabí ni. Ara rọ Owólabí, kò padà wá. Kò tilẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì láti sọ pé ẹ ṣé àná, bí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé ṣe máa ń ṣe. Ilé rẹ̀ sí Sábó kò sì ju ìrìn tí arúgbó lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ.

Ràbíátù kò bímọ. Ó ti lọ́kọ rí, wọ́n sì lé e jáde nítorí rẹ̀, ló bá gbájú mọ́ òwò. Gbànja ló ń tà, èyí tí àwọn Hausa máa ń kó lọ sókè. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé obì kì í ṣe ohun tí a ń jù sílẹ̀. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á bó awọ funfun ara rẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á ṣà á, wọ́n á fi ewé gbòdògì tẹ́ inú agbọ̀n, wọ́n á tò ó. Lẹ́yìn náà, wọn a tún máa tú u yẹ̀ wò, kí kòkòrò má baà wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ tí Ọmọ́yẹni kọ́kọ́ to agbọ̀n kan délẹ̀, Ràbíátù dìde, ó pe gbogbo àwọn tó wà ní ìsọ̀. Ó ní, "Ẹ wá wo agbọ̀n tí ọmọ mi tò. Ẹ wò ó dáadáa o, kí ẹ má ní mo purọ́." Àwọn obìnrin wá, wọ́n wò ó, wọ́n ní ọmọ náà káre. Ọmọ́yẹni wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Ní ilé Owólabí, bí ọmọ bá ṣe dáadáa, wọn a ní ṣebí ó yẹ kó ṣe é ni. Bó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Ní Sábó, òdìkejì ni wọ́n ń ṣe: èyí tó bàjẹ́, inú yàrá ni wọ́n ti ń sọ ọ́, èyí tó dára, ojú gbangba ni.

Ohun kan wà tí Ràbíátù kò fi ṣeré. Láràárọ̀, bí ọmọ bá ti jí, kó tó fọ ẹnu, ó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kó ní, "Ìyá mi, ẹ ṣé àná." Ràbíátù á dáhùn pé, "Kò tọ́pẹ́, ọmọ mi." Bí ọmọ bá gbàgbé, Ràbíátù á kàn bi í pé, "Ṣé àná kò sí ni?" Ọmọ́yẹni á sì yára kúnlẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà wọ ilé ìwé, Ràbíátù tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ní kó máa ka ìwé rẹ̀ sókè bí àwọn bá ń bó obì. Ó ní kó kà á kí ìsọ̀ kejì náà gbọ́. Ojú kọ́kọ́ ń ti ọmọ náà. Nígbà tó ṣe, bí ó bá dákẹ́, àwọn obìnrin ìsọ̀ á ní, "Ó wá ṣẹlẹ̀ báwo?" Ibẹ̀ ni Ọmọ́yẹni ti kọ́ bí a ṣe ń dúró níwájú èèyàn kí ohùn ẹni má gbọ̀n, tó fi di tíṣà ní Ìpẹru. Bó bá ti kọ́ ọmọ tán lọ́jọ́ Jímọ̀, Sábó ló ń sáré bọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ní bí ọdún 1981, ló bá ọ̀dọ́kùnrin kan lórí àkàbà nínú ilé obì. Ràbíátù fẹ́ fa iná sínú ilé náà, ọ̀dọ́kùnrin yìí ni oníṣẹ́ iná. Dúrótìmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ bàbá ìjọ Olúsànyà ní Ìkẹ́nnẹ́.

Ó wo ìsàlẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di àkàbà yìí mú."

"Ta ló sọ fún yín pé tíṣà ni mí?"

"Ṣọ́ọ̀kì wà létí yín."

Ọmọ́yẹni fọwọ́ kan etí, ṣọ́ọ̀kì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó di àkàbà mú. "Bí mo bá wá fi sílẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ò ní fi sílẹ̀. Ojú ẹni tó ń fi nǹkan sílẹ̀ kọ́ nìyẹn."

Nígbà tí iná tàn, Ràbíátù jáde sí ojú ọ̀nà. "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn," ni ohun tó ń wí. "Ó lọ́ wáyà bí ẹni ń dirun. Ẹ wò ó." Dúrótìmí dúró síbẹ̀, kò mọ ibi tí yóò ki ọwọ́ sí. Nílé wọn ní Ìkẹ́nnẹ́, iṣẹ́ a-gun-àkàbà ni wọ́n ń pe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kàwé òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ni wọ́n sì máa ń fi Dúrótìmí wé láàárọ̀, lọ́sàn-án, lórí oúnjẹ. Ó lé ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó pe èèyàn wá wo ohun tó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Láti ọjọ́ yẹn, ó di ẹni tó ń wá yẹ gílóòbù wò ní Sábó. Gílóòbù kò bàjẹ́. Bó bá bá Ọmọ́yẹni nílé, á yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. Bí kò bá bá a, á ní gílóòbù náà ń ṣe dáadáa, á sì kọjá. Ràbíátù wo èyí títí, ó fi ọ̀ràn náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó pe Ọmọ́yẹni.

"Ọmọ yẹn tún wá wo iná tó ń tàn."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Má ṣe ẹ̀n-ẹ́n fún mi. Ṣé kí n sọ fún un pé o gbọ́, àbí kí n sọ fún un pé kó lọ wo iná ilé ẹlòmíràn?"

Ọmọ́yẹni bó obì mẹ́ta, mẹ́rin. Ó ní, "Ẹ sọ fún un pé mo gbọ́."

Bí Ràbíátù ṣe di alárinà nìyẹn. Ó ṣe é bó ṣe ń ṣe òwò, láìfi eré pọ̀ mọ́ ọn. Ó lọ bèèrè ìwà ọmọkùnrin náà lọ́wọ́ àwọn tó ti bá ṣiṣẹ́. Ó bá a wí nígbà tó gba iṣẹ́ tí kò parí. Ó fi ọ̀rọ̀ Ìpẹru ránṣẹ́ sí Ìkẹ́nnẹ́, ó fi ti Ìkẹ́nnẹ́ ránṣẹ́ sí Ìpẹru. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá jà, òun ni wọ́n jọ ń sá wá bá, oníkálukú láti ọ̀nà tirẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó máa pe ara wọn ní "o", tí Ọmọ́yẹni wá ń dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ láti wo ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ títí ojú fi ń ta á. Ìfẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára.

Ọjọ́ tí Dúrótìmí sọ ọ́ nílé ni wàhálà dé. Ìyá rẹ̀ kò bínú pé tíṣà ni. Kò bínú pé ọmọ bíríkìlà ni. Ìbéèrè kan ló bi í.

"Lọ́jọ́ ìdána, ta ni yóò jókòó síbi ìyá ìyàwó?"

"Ìyá tó tọ́ ọ ni, Màmá. Ìyá olóbì."

"Èyí tí kò gbọ́ ẹkún ọmọ tirẹ̀ rí? Òun ni yóò gbé ọwọ́ lé orí ẹni tí a fẹ́ kó bímọ fún wa? Dúrótìmí, mo ti rí nǹkan láyé. Ẹnikẹ́ni lè jókòó síbẹ̀, kì í ṣe òun."

Ní Ibido náà, etí Owólabí gbọ́ pé ilé Olúsànyà fẹ́ wá tọrọ ọmọ òun. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló mọ ọ̀nà Sábó. Kò jókòó. Ó ní ọmọ òun ni Ọmọ́yẹni, ilé òun ni wọn yóò ti ṣe ìdána, ẹ̀gbọ́n òun Àbẹ̀bí, ìyá ọlọ́mọ mẹ́jọ, ni yóò sì jókòó bí ìyá. Ó yí sí Ràbíátù.

"Ẹ ṣe iṣẹ́ alárinà, a rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ òwe. Bójú bá mojú tán."

Ràbíátù ń ṣa obì, kò gbójú sókè. "Mo mọ òwe," ló wí.

Ọmọ́yẹni ní kí Dúrótìmí wá bá òun ní Ìpẹru. Ó ti pinnu pé òun yóò sọ fún un pé láìsí Ìyá òun, kò sí ìdána. Ṣùgbọ́n Dúrótìmí tó wá kì í ṣe ti orí àkàbà. Ojú rẹ̀ ti wọ inú. Ìyá rẹ̀ kò jẹun láti ìjẹta, bàbá rẹ̀ sì ti sọ pé òun kò ní tẹ̀lé e lọ sí ilé ìyàwó kankan.

"Ọjọ́ kan péré ni, Yẹni," ni Dúrótìmí wí. "Ọjọ́ kan. Ká jẹ́ kí wọ́n ṣe tiwọn. Ká ra aṣọ tó dára fún Ìyá, ká lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kí ọjọ́ náà tó pé. Á yé wọn."

"Bí kò bá yé wọn ńkọ́?"

"Ìyá? Kí ni kì í yé wọn?"

Ọmọ́yẹni wò ó. Ó mọ̀ pé ohun tó ń wí kò dára. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá ní rárá, ó lè gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ kó má padà mọ́. Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù náà ló fèsì, kì í ṣe òun. Ó ní kò burú.

Wọ́n ra lẹ́ẹ̀sì kan tó pọ́n bí obì. Kò rọrùn láti rí, nítorí àwọn sọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba nígbà náà ni, ọṣẹ àti ìrẹsì gan-an, orí ìlà ni wọ́n ti ń rà wọ́n. Ọmọ́yẹni gbé aṣọ náà lọ sí Sábó, ó kúnlẹ̀, ó rò ó tán. Ràbíátù nu ọwọ́ lára ìró iṣẹ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan aṣọ náà.

"Aṣọ yìí dára," ló wí. "Ta ló mọ̀ ọ́n yàn?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ó dára." Ó ká a padà bó ṣe wà. "Lẹ́yìn ìnáwó ni wọ́n máa ń dúpẹ́. Tèmi ṣáájú. Kò burú, ọmọ mi. Bójú bá mojú tán, alárinà a yẹba. Mo ti yẹ."

Kò pe ẹnikẹ́ni wá wo aṣọ náà. Láti ọjọ́ tí Ọmọ́yẹni ti mọ̀ ọ́n, ohun tó dára kì í dé ọwọ́ Ràbíátù kí ìsọ̀ kejì má gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, Ọmọ́yẹni kúnlẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, ó ní, "Ìyá mi, ẹ ṣé àná." Ràbíátù wo ojú ọ̀nà. Ó ní, "Àná ti lọ," ó sì gbé agbọ̀n jáde.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn bá Ọmọ́yẹni lọ sí Ìpẹru, wọ́n bá a wọ kíláàsì, wọ́n bá a sùn. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ohun tó ń rò ni pé bí wọ́n bá bi òun lọ́hùn-ún pé ta ló kọ́ òun ní ohùn tí òun fi ń sọ̀rọ̀, ta ni òun yóò pè? Àbẹ̀bí tí òun kò mọ ẹ̀rín rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹkún rẹ̀? Ojú ara rẹ̀ ń tì í. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló fẹ́ lọ bá Dúrótìmí kó sọ pé òun ti yí ọkàn padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù á tún bà á. Báyìí ni ọjọ́ náà ṣe pé.

Ilé Owólabí kún. Àwọn ará Ìkẹ́nnẹ́ jókòó sápá kan, Olúsànyà wà láàárín wọn, Dúrótìmí wà lẹ́bàá ìyá rẹ̀ nínú agbádá tó tóbi jù ú. Àwọn ará Ibido wà lápá kejì. Àga méjì ni wọ́n gbé síwájú. Owólabí wà lórí ọ̀kan, Àbẹ̀bí wà lórí èkejì, ó tẹ́ ìró rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Bàbá Adétúnbọ̀, olórí ẹbí, tó ti dàgbà débi pé wọ́n ń fi ọwọ́ mú un dìde, ni ọ̀rọ̀ ilé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé igbá obì àbàtà síwájú rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n wá ṣe. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere.

Wọ́n pe ìyàwó. Ọmọ́yẹni wọlé, ó kúnlẹ̀. Bàbá Adétúnbọ̀ bi í ní ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi gbogbo ìyàwó ní ilé náà, èyí tí wọ́n ń bi lásán, nítorí kò sí ẹni tó ń retí èsì mìíràn.

"Ọmọ́yẹni, obì ìdána rẹ rèé. Ṣé ká gbà á, àbí ká má gbà á?"

Ọmọ́yẹni wo igbá obì náà. Ó wo àga tí Àbẹ̀bí jókòó lé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbà á."

Àwọn kan rò pé ó ń ṣe ìtìjú. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Adétúnbọ̀ fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. "Kí lo wí?"

Ọmọ́yẹni gbé ohùn sókè, bí ẹni tó ń kàwé kí ìsọ̀ kejì gbọ́. "Mo ní kí ẹ má tíì gbà á. Mo fẹ́ ọkọ tí wọ́n wá tọrọ mi fún. Ẹ jẹ́ kí ó yé gbogbo yín pé mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò sí níbí. Wọ́n wà ní Sábó. Bí wọn ò bá jókòó sórí àga yẹn, kí ẹnikẹ́ni má jẹ obì mi."

Owólabí dìde. "Ìyá rẹ ti kú."

"Èyí tó bí mi ti kú, Bàbá. Èyí tó tọ́ mi ń bó obì."

"Alárinà ni. Àgàn ni. Bí o bá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀kùn yẹn lónìí, má padà wọlé mi."

Ọkàn Ọmọ́yẹni ń sọ fún un pé ọkọ ti lọ báyìí, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò gbọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ fún Dúrótìmí. Síbẹ̀, ó dìde. "Ibi tí mo ti wá náà ni mo ń padà lọ," ló wí. Ó kọjú sí ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn Ìyá Dúrótìmí: "Jókòó. Mo ní kí o jókòó." Ó sì gbọ́ ohùn Dúrótìmí, kò ga, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n.

"Màmá, ẹ má bínú. Láyé mi, ìyá yẹn ló kọ́kọ́ pe èèyàn wá wo iṣẹ́ mi. Èmi ni mo ní ká fi aṣọ lé wọn sẹ́yìn. Èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe Yẹni. Mo ń lọ mú wọn wá."

Olúsànyà ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò. Bàbá Adétúnbọ̀ gbé ọwọ́ lé igbá. "Ẹ lọ," ló wí. "Obì kì í sá. A ó dúró dè yín."

Ìyàwó kì í rìn nígboro lọ́jọ́ ìdána rẹ̀. Ọmọ́yẹni rìn. Láti Ibido títí dé Sábó, ọ̀sán gangan, gèlè lórí, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń ká agbádá sí èjìká lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn awakọ̀ fọn fèrè sí wọn. Obìnrin kan bi wọ́n pé ṣé kò sí. Ọmọ́yẹni kí i, ó ní ó wà, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Ilẹ̀kùn ilé obì wà ní pípadé. Ọmọ́yẹni ṣí i. Gílóòbù ń tàn nínú ilé náà lọ́sàn-án gangan. Láàárín agbọ̀n obì, lórí àpótí tó ti ń jókòó bó obì láti ọjọ́ ayé, Ràbíátù jókòó. Lẹ́ẹ̀sì tó pọ́n bí obì ló wà lára rẹ̀. Ó ti rán an. Ó ti wé gèlè rẹ̀. Ó ti lé tìróò. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀, àpò rẹ̀ sì wà lórí itan. Ó ti múra tán, kò síbi tó ń lọ.

Ó rí wọn, ó dìde, ojú tì í. "Aṣọ tuntun ni," ló wí. "Mo ní kí n wọ̀ ọ́ wò, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́."

Dúrótìmí dọ̀bálẹ̀ sórí ewé gbòdògì pẹ̀lú agbádá rẹ̀. "Ìyá, ẹ bá wa lọ," ló wí.

"Mi ò lọ. Ẹ padà, kí wọ́n tó bínú."

"Wọ́n ti bínú," ni Ọmọ́yẹni wí. "Wọn ò tíì jẹ obì. Mo ní kí wọ́n má jẹ ẹ́."

Ràbíátù tún jókòó. Ohùn rẹ̀ kéré, òun tí ohùn rẹ̀ kì í kéré. "Bó bá jẹ́ òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ ńkọ́? Bí mo bá gbé ọwọ́ lé ọ lórí, tí o wá rí bíi tèmi? Ta ni mo fẹ́ lọ wí fún?"

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe òwe alárinà ló mú un jókòó. Ọmọ́yẹni kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ìyá mi, ẹ wò mí dáadáa. Bí mo bá rí bíi tiyín, mo ti ṣe oríire. Ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ẹ gbé e báyìí, kí ẹ má baà sọ pé ará Ibido ló fi ipá mú yín."

Ràbíátù gbé ọwọ́ rẹ̀ lé orí gèlè ọmọ náà.

Nígbà tí wọ́n dé Ibido, kò sẹ́ni tó ti lọ. Owólabí dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó na apá dí i. Láti inú ilé, Bàbá Adétúnbọ̀ ní kó kúrò lọ́nà. Ó kúrò, ṣùgbọ́n kò jókòó. Àbẹ̀bí ṣì wà lórí àga.

Bàbá Adétúnbọ̀ wo Ọmọ́yẹni. "Ìbéèrè kan ló kù. Ta ló kọ́ ọ ní kí o máa dá àgbà lóhùn báyìí?"

"Àwọn ni, Bàbá. Wọ́n ní kí n máa kà á sókè."

Bàbá Adétúnbọ̀ na ọwọ́, wọ́n mú un dìde. Ó dúró lórí ọ̀pá rẹ̀ níwájú Ràbíátù, òun tí kì í dìde fún ẹni tó kéré sí i.

"Ìyá olóbì," ló wí, "a gbé ọmọ fún yín, a kò padà wá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ilé wa kọ́ ló yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣé àná."

Ràbíátù kúnlẹ̀ kíá. "Kò tọ́pẹ́, Bàbá."

Àwọn obìnrin ilé náà gbà á lẹ́nu rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, pé ẹ ṣé àná. Ó ń dá wọn lóhùn, ó ń ní kò tọ́pẹ́. Ìyá Dúrótìmí wo ọmọ rẹ̀ tí ewé gbòdògì ṣì lẹ̀ mọ́ agbádá rẹ̀, ó wo lẹ́ẹ̀sì náà, òun náà sì kí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rẹ́rìn-ín. Àbẹ̀bí dìde lórí àga, ó fi ọwọ́ nu àga náà fún Ràbíátù, ó lọ jókòó sórí ẹní. Owólabí nìkan ló kù. Ó dúró sẹ́bàá ògiri tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Ràbíátù dìde, ó kọjú sí i, ó dúró dè é.

"Ẹ ṣé àná," ni Owólabí wí nígbẹ̀yìn, ó ń wo ilẹ̀.

Ràbíátù wò ó látòkèdélẹ̀.

"Ó tọ́pẹ́," ló wí, ó sì lọ jókòó.